Ẹ gé kúrò kẹ́ ẹ tó fi kún un: ọ̀rọ̀ lórí Hilux tí wọ́n ń tún ṣe fún ọ̀nà oko

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí fọ́tò Hilux tí wọ́n gbé sókè bí ilé alájà, tí wọ́n fi páìpù ńláńlá dí níwájú, tí wọ́n to iná rẹpẹtẹ sórí ẹ̀. Gbogbo wa á sì máa fi àmì iná sábẹ́ ẹ̀. Èmi náà ti ṣe é rí. Mi ò ṣe é mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀.

2/ Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń dáko ní Òkè-Ògùn. Iṣu àti ẹ̀gẹ́. Láti oko ẹ̀ dé títì ọlọ́dà, ọ̀nà amọ̀ ni, odò kékeré kan sì wà láàárín tí kò ní afárá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí wàhálà. Àmọ́ tí òjò bá ti dé tí mọ́tò ò lè kọjá, iṣu á kàn máa jẹrà lóko ni. Torí náà, kì í ṣe fáàrí ló gbé e lọ tún Hilux ẹ̀ ṣe o. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

3/ Ó gbé e lọ bá wẹ́dà kan n'Íbàdàn. Wọ́n fi páìpù tó nípọn ṣe bọ́ńpà iwájú àti tẹ̀yìn. Wọ́n ki irin sábẹ́ sípíríìngì kó lè ga. Wọ́n ra táyà ńlá. Wọ́n tún fi irin gbé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀ ga kó lè gba iṣu púpọ̀. Ọjọ́ tó dé, gbogbo àdúgbò ló jáde wá wò ó. Èmi ni mo ya fọ́tò. Ẹ̀yin náà tẹ "like" sí i nígbà yẹn, ẹ má purọ́.

4/ Oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, à ń bọ̀ láti oko. Iṣu kún ẹ̀yìn dé òkè irin. Níbi tá a ti ń sọ̀kalẹ̀ sí odò yẹn, ọ̀nà da gẹ̀rẹ́ sọ́wọ́ òsì díẹ̀. Díẹ̀ ni o. Mọ́tò náà kàn rọra tẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn, ó sì dùbúlẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń bá ẹ̀gbọ́n mi ṣiṣẹ́ wà lẹ́yìn, lórí iṣu. Apá ẹ̀ kán. Ọpẹ́ ni pé ẹ̀mí ò lọ sí i. Ṣùgbọ́n apá yẹn ò tíì nà tán títí dòní, apá yẹn náà ló sì fi ń kọ ebè.

5/ Kí ló fà á? Táyà ńlá àti irin abẹ́ sípíríìngì ti gbé gbogbo ara mọ́tò sókè. Irin ẹ̀gbẹ́ tún gbé iṣu ga sí i. Ẹni tó bá ti ru ẹrù rí á mọ̀: ẹrù orí ló ń gbé èèyàn ṣubú, kì í ṣe èyí tá a so mọ́ ìdí.

6/ Ẹ jẹ́ ká ṣírò ìwúwo. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn 3mm, mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, ó sún mọ́ kílò 24. Tó bá jẹ́ 6mm, ó di kílò 47. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50. Ẹrù tí Hilux lè gbé ò jù bíi tọ́ọ̀nù kan lọ, èèyàn tó jókòó sínú ẹ̀ àti gbogbo irin tẹ́ ẹ bá jó mọ́ ọn sì wà nínú ìṣirò yẹn. Torí náà, gbogbo irin fáàrí yẹn, àpò sìmẹ́ńtì tẹ́ ẹ̀ ń gbé kiri lójoojúmọ́ ni. Òun náà ń jẹ epo, òun náà ló sì ń tẹ táyà rì sínú ẹrẹ̀.

7/ Kí ló wá yẹ ká ṣe? Ẹ mú okùn. Ẹ fi ẹnu ẹ̀ kan sí ibi tí táyà iwájú ti kan ilẹ̀, kẹ́ ẹ fà á wá sí abẹ́ bọ́ńpà. Bí okùn yẹn bá ṣe dúró tó, bẹ́ẹ̀ ni òkè tí mọ́tò lè gùn láì fi imú gbálẹ̀ ṣe máa dúró tó. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tá a wọn ti ẹ̀gbọ́n mi, páìpù tuntun yẹn wá sílẹ̀ ju bọ́ńpà tó bá a wá lọ! Ohun tí irin abẹ́ sípíríìngì fún un, bọ́ńpà ti gbà á padà.

8/ Bàbá kan wà ní oko kejì tó ní píkọ́ọ̀pù àtijọ́, ọ̀dà ẹ̀ ti ṣí tán. Bàbá yìí gé ìsàlẹ̀ bọ́ńpà iwájú kúrò, ó yọ tẹ̀yìn dànù, ó fi irin pẹlẹbẹ kan bo abẹ́ ẹ́ńjìnì kí òkúta má baà fọ́ ọ, ó sì de ibi tí wọ́n lè so okùn mọ́ tí mọ́tò bá rì. Ó tán. Kò ga, kò sì rẹwà. Òun ló wá fa tiwa dìde lọ́jọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó ya òun ní fọ́tò.

9/ Tẹ́ ẹ bá máa gé fẹ́ńdà kí táyà má baà máa ha á, ẹ kọ́kọ́ di ẹrù sẹ́yìn, kẹ́ ẹ yí sítẹ́ríǹgì dé òpin ọ̀tún àti òsì, kẹ́ ẹ wá sàmì sí ibi tó ti ń kàn. Ibẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ gé. Ẹ kun ojú irin tẹ́ ẹ gé lọ́dà lọ́jọ́ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó máa dípẹtà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn jó nǹkan mọ́ chassis ṣákálá, iná lè sọ irin di aláìlágbára níbẹ̀. Bóòtù ni kí wọ́n fi dè é. Tí jíjó bá sì pọn dandan, ẹ tú bátìrì kúrò kí iná má baà ba brain box jẹ́.

10/ Mo mọ̀ pé ẹnì kan á fi fídíò Iceland dá mi lóhùn. Mo ti wò ó. Àwọn Arctic Trucks ló tún Hilux tí Top Gear wà lọ sí apá àríwá ayé ṣe ní 2007. Lóòótọ́, wọ́n gé fẹ́ńdà, wọ́n fi táyà 38 inch sí i. Ṣùgbọ́n yìnyín ló fà á: wọ́n ń fẹ́ táyà tó fẹ̀, tí wọ́n lè dín afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ kù, kó lè tẹ́ sórí yìnyín láì rì. Ilẹ̀ ló sọ irú táyà tí wọ́n máa lò, táyà ló sọ ibi tí wọ́n máa gé. Àwa ń wo ojú mọ́tò wọn, a ò wo ilẹ̀ tó ń rìn.

11/ "Mọ́tò mi ni, owó mi ni." Mo gbà. "Bọ́ńpà onípáìpù ń gbani lọ́wọ́ màlúù." Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ bí màlúù ṣe ń jáde sí títì. Ṣùgbọ́n irin tí kò lè tẹ̀ yẹn, tó bá jẹ́ ọmọ iléèwé ló gbá ńkọ́? Bọ́ńpà tó ń tẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó máa tẹ̀ ni.

12/ Ẹ̀gbọ́n mi ti gé irin ẹ̀gbẹ́ yẹn dànù. Páìpù iwájú wà ní ẹ̀yìnkùlé, adìyẹ ń sùn lórí ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń lọ sóko báyìí dípò ẹ̀ẹ̀kan, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sórí ẹrù mọ́. Owó tó san fún wẹ́dà ò tíì padà, owó ilé ìwòsàn náà ò tíì padà.

13/ Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún tiyín ṣe, ẹ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà. Ẹ wo ibi tó ti máa ha, ibi tó ti máa tẹ̀. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ wá pe wẹ́dà. Fọ́tò tí mo yà lọ́jọ́sí, mo ti pa á rẹ́. Ẹni tó bá sì ṣì ní i lórí fóònù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e fún wẹ́dà yín pé irú èyí lẹ fẹ́.