Ṣé VPN Ọ̀fẹ́ Lè Mú Kí Íntánẹ́ẹ̀tì Ilé Yára?

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ dáhùn lónìí: bí a bá gba VPN ọ̀fẹ́ sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ǹjẹ́ fídíò ìgbéyàwó tàbí iṣẹ́ ilé-ìwé tí a ń fi ránṣẹ́ láti ilé yóò tètè lọ? Ìdáhùn wa ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, rárá. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí rẹ̀.

Iṣẹ́ VPN ni láti di ẹrù yín sínú àpótí tí a tì pa, kí ó sì kọ́kọ́ gbé e lọ sí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín, bóyá ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, kí ó tó dé ibi tí ẹ fi í ránṣẹ́ sí. Ọ̀pọ̀ wa ni ó kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà, láti ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022. VPN ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń wọlé nígbà náà. Ó ṣí ilẹ̀kùn, àwọn kan sì rò pé ohun tí ó ṣí ilẹ̀kùn lè fẹ ọ̀nà pẹ̀lú. Ọ̀tọ̀ ni ti ilẹ̀kùn, ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀nà.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹni tí ń ti Bódìjà lọ sí Dùgbẹ̀, ọ̀nà tóóró iwájú ilé rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbà jáde. Bí ibẹ̀ bá kún, kò sí mọ́tò tí ó lè wọ̀ tí yóò mú un fẹ̀ sí i. Bí ó bá tún ní òun yóò kọ́kọ́ dé Challenge kí òun tó padà sí Dùgbẹ̀, ṣé yóò tètè dé ni? Ọ̀nà tóóró tiwa ni èyí tí ó wà láàárín ilé wa àti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àyè tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì fi sílẹ̀ fún ohun tí ń wọlé ju ti èyí tí ń jáde lọ. Ìdí nìyí tí fídíò tí ẹ ń wò fi ń sáré, tí èyí tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sì ń wọ́.

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń mọ̀ọ́mọ̀ dá irú ẹrù kan dúró, VPN lè ṣèrànwọ́, nítorí wọn kò ní mọ ohun tí ó wà nínú àpótí. Ṣùgbọ́n èyí kò wọ́pọ̀.

Ta ni ń sanwó ọ̀fẹ́ náà? Àwọn kan ń fi í fa oníbàárà mọ́ra kí ó lè ra èyí tí ó dára jù. Ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2015, ó hàn sí gbangba pé Hola, VPN ọ̀fẹ́ kan, ń ta àyè íntánẹ́ẹ̀tì àwọn tí ń lò ó fún ẹlòmíràn. Ẹni tí ó fẹ́ kí ẹrù tirẹ̀ tètè jáde wá di ẹni tí ẹrù àjèjì ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ jáde! Facebook náà ra Onavo ní 2013, ó sì ń fi VPN rẹ̀ wo ohun tí àwọn ènìyàn ń lò lórí fóònù wọn, títí ó fi pa á tì ní 2019.

Kí ni kí a wá ṣe?

1. Ẹ lọ sí fast.com, kí ẹ wọn bí ohun tí ń jáde ṣe yára tó: ìgbà mẹ́ta láìlo VPN, ìgbà mẹ́ta pẹ̀lú rẹ̀, ní wákàtí kan náà. Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe ìpolówó.

2. Ẹ yẹ gbogbo fóònù inú ilé wò. Ọ̀pọ̀ wọn ni ń dá kó àwòrán lọ sí ibi ìpamọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ dá èyí dúró títí iṣẹ́ yín yóò fi lọ tán.

3. Bí ráútà yín bá ń lo síìmù, ẹ gbé e sí ẹ̀bá fèrèsé.

4. Ẹ dín fídíò ńlá kù, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ ní ìdájí, nígbà tí àdúgbò ṣì ń sùn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ gba VPN tí a kò mọ orísun rẹ̀ sórí fóònù tí ẹ fi ń ṣe iṣẹ́ báńkì. Dátà tí ó lọ́ra, a lè fi sùúrù dúró dè é. Àṣírí tí ó bá ti jáde nílé kì í padà wọlé mọ́.