A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ dákun, ẹ gbọ́ tèmi. Bí mo bá sọ Yorùbá sí fóònù, ohun tó máa ń kọ kì í jọ ohun tí mo sọ rárá. Ṣé wọ́n tiẹ̀ pe àwa tá a ni èdè nígbà tí wọ́n ń ṣe é?

Àwọn Māori ní New Zealand ò dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà kan rí, wọ́n máa ń na ọmọ Māori níléèwé tó bá sọ èdè rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2018, iléeṣẹ́ rédíò wọn, Te Hiku Media, ní kí aráàlú wá ka gbólóhùn kí wọ́n gbà á sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ 10 péré, ohùn tí wọ́n rí gbà lé ní wákàtí 300. Òun ni wọ́n fi kọ́ kọ̀ǹpútà ní èdè wọn. Àwọn fúnra wọn ló sì ń tọ́jú ohùn náà, wọn ò tà á.

Àwa ńkọ́? A ṣì ń san owó ìtanràn ní kíláàsì torí pé a sọ Yorùbá! Ta ló máa wá kọ́ ẹ̀rọ lọ́la? Èrò tèmi ni pé kí wọ́n fagi lé owó yẹn, kí ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, tí wọ́n bá yọ̀ǹda. Àwa la lorí, ẹ má jẹ́ ká fárí lẹ́yìn wa.