Ẹ Kó Ìwé Ààlà Ìlobùú àti Ìfọ́n Jáde

Ìlobùú ni olú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni ti Ọ̀rọ̀lú. Olóbùú ni ọba Ìlobùú, Olúfọ́n ni ọba Ìfọ́n. Ohun tó kù nílẹ̀ ni ibi tí ilẹ̀ ọ̀kan parí sí, tí ti èkejì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀ràn yìí ló jó ilé, tó gba ẹ̀mí, títí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Adémọ́lá Adélékè, fi kéde kónílé-ó-gbélé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ìlú méjèèjì kó ohun tí wọ́n gbára lé jáde, ìdájọ́ ilé ẹjọ́, àwòrán ilẹ̀, àdéhùn àwọn baba wọn, kí a tẹ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo tí tọ̀tún-tòsì yóò jọ kà.

Ìwé ti ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ìdílé Olúwa ní Àpápá, Herbert Macaulay tẹ̀lé Olóyè Amodu Tijani, olórí ìdílé náà, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Ní 1921, ilé ẹjọ́ Privy Council níbẹ̀ gbà pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwọn ará ìlú, ìjọba sì san owó fún wọn. Ṣùgbọ́n ní 1928, ìwé ìròyìn Macaulay, Lagos Daily News, gbé àhesọ jáde pé wọ́n fẹ́ pa Èṣùgbàyí, Elékòó (ọba Èkó) tí ìjọba ti rọ̀ lóyè, tó sì ti lé kúrò ní Èkó. Ẹ̀wọ̀n ló bá dé bá Macaulay. Ẹjọ́ tí wọ́n dá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1931 ló ṣe ohun tí àhesọ náà kò lè ṣe, ọba sì padà sí Èkó lọ́dún yẹn.

Àwọn kan yóò ní ìwé tí a bá tẹ̀ jáde yóò dáná ìjà sí i. Ìwé tó wà ní ìkọ̀kọ̀ ni mo rí pé ó ń fún àhesọ láyè, nítorí kò sí ẹni tó lè fi ojú rí i kó sì já a nírọ́. Àwọn mìíràn yóò ní ẹjọ́ máa ń pẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn Wampanoag ti Mashpee, ẹ̀yà onílẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, gbé ẹjọ́ ilẹ̀ lọ ní 1976, wọ́n pàdánù ní 1978, ìjọba àpapọ̀ kò sì dá wọn mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà títí di 2007. Síbẹ̀, wọn kò dáwọ́ ìwé dúró. Ẹni tó kú nínú ìjà ààlà kò ní ọjọ́ tí ẹjọ́ rẹ̀ yóò padà wá.

Kí ìgbìmọ̀ ààlà ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbi tí oko ìlú méjèèjì ti wọ ara wọn. Kí àwọn àgbà ìlú méjèèjì dúró níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ri òkúta ààlà, kí nọ́ńbà òkúta kọ̀ọ̀kan sì wà nínú ìwé náà.