Ìṣẹ́jú méjì péré, Bàbá Ìbejì!

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi rín, àfi ìgbà tí mo rí i pé ó fẹ́ tú ilé ká.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ni. Mi ò tíì fọnu tí wọ́n fi ń gbá ilẹ̀kùn mi gbà-gbà-gbà. Nígbà tí mo máa ṣí i, Ìyá Ìbejì ló dúró síwájú, ọkọ ẹ̀ wà lẹ́yìn, ó ń họ orí. Obìnrin náà la ọwọ́, owó sẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá oníwèé-ìròyìn, ẹ bá mi bi ọ̀rẹ́ yín, ta ni wọ́n ń fẹ́ ní Kútọnu?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Bàbá Ìbejì jẹ́ fún yín. Iléeṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ọba Akran, n'Íkẹjà, ló ti ń ṣiṣẹ́, àdúgbò wa l'Ágége ló ń gbé. Kì í mutí, kì í ta tẹ́tẹ́, kì í sáré tẹ̀lé obìnrin. Kẹ̀kẹ́ ni tiẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan báyìí, onítáyà ńlá, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń gun òkè. Òun ló máa ń gùn lọ síbi iṣẹ́ tó bá wà ní ṣíìfù àárọ̀, nígbà tí àwa yòókù bá há sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Tó bá sì di ọjọ́ Àìkú, kí àwọn onímọ́tò tó jí, á ti gun afárá Pẹn Sínímà tí wọ́n ṣí lọ́dún 2021 ní àgùntúngùn. Á ní, "Àbúrò, Èkó ò ní òkè. Afárá yìí lòkè tèmi."

Inú fóònù ẹ̀ ńkọ́? Fídíò Titan Desert ló kún un, ìdíje kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń ṣe láginjù ilẹ̀ Mòrókò láti ọdún 2006. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi ń gun nǹkan bíi 600 kìlómítà nínú oòrùn. Níbi tí iyanrìn bá ti jìn, táyà ò ní yí mọ́, oníkẹ̀kẹ́ á sọ̀ kalẹ̀, á máa tì í tàbí kó gbé e rù. Bàbá Ìbejì á máa wò ó, á máa mi orí bíi pé òun náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó oṣù òṣìṣẹ́ wo ló máa gbé e dé Mòrókò? Ló bá rò ó pé bí ọwọ́ òun ò bá tẹ aginjù, ó yẹ kó tẹ ẹ̀bá ọ̀nà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kí òun lọ fojú ara òun rí Tour du Bénin, ìdíje kẹ̀kẹ́ tiwọn. Oṣù méjì ló fi ń ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà díẹ̀díẹ̀. Kò sọ fún ìyàwó ẹ̀. Èmi ló sọ fún, ẹ má bínú sí mi, mo sì pa ẹnu mọ́.

Ìyá Ìbejì ní, "Bọ̀dá, wọ́n ní ófátáìmù làwọn fẹ́ lọ ṣe láti ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Mo ní kí n fọ ṣòkòtò wọn, mo bá owó yìí nínú àpò. Owó iléèwé àwọn ìbejì ò tíì pé o! Mo bi wọ́n, wọ́n ní kẹ̀kẹ́ làwọn fẹ́ lọ wò. Ọkùnrin wo ló ń purọ́ torí pé ó fẹ́ lọ wo kẹ̀kẹ́?"

Mi ò lè dá a lóhùn. Òótọ́ ni ọkọ ẹ̀ sọ, ṣùgbọ́n ta ló máa gbà á gbọ́? Ohun tí èèyàn bá fi pamọ́ fún ìyàwó ẹ̀, ì báà jẹ́ kẹ̀kẹ́, àlè ló máa jọ.

Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo bi Bàbá Ìbejì bóyá ó mọ ìdíje Cape Epic. Ojú ẹ̀ tàn lẹ́ẹ̀kan náà. "Ti South Africa? Láti 2004 ni wọ́n ti ń ṣe é! Ọjọ́ mẹ́jọ lórí òkè àti erùpẹ̀ gbígbẹ, méjì-méjì ni wọ́n sì ń gùn ún. Ọkùnrin méjì, obìnrin méjì, tàbí ọkùnrin kan àti obìnrin kan."

"Ó dáa. Kí lòfin wọn sọ nípa àwọn méjèèjì?"

"Wọn ò gbọdọ̀ fi ju ìṣẹ́jú méjì lọ jìnnà síra wọn. Bí wọ́n bá jìnnà, wọ́n á fìyà jẹ wọ́n."

"Bí alágbára bá wá sáré dé òpin, tí ẹnì kejì ẹ̀ ṣì ń wọ́ bọ̀ ńkọ́?"

"Òfo ni. Ìgbà tí ẹni tó gbẹ̀yìn bá dé ni wọ́n máa ka àkókò wọn."

Mo wò ó lójú. "Ẹ̀gbọ́n, oṣù méjì lẹ ti fi síwájú ìyàwó yín o."

Ó wolẹ̀. Ìyá Ìbejì ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fi owó náà sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní, "Àbí ibo lẹ tilẹ̀ fẹ́ sùn?" Ọkọ ẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì. Obìnrin náà pariwo, "Òtẹ́ẹ̀lì! Nígbà tí àǹtí mi ń gbé ní Àjàṣẹ́?" Ẹ rí i báyìí? Owó òtẹ́ẹ̀lì tí ọkùnrin yìí ti kó jọ, torí pé kò bi ìyàwó ẹ̀ ni. Ìwé àti bírò ni mo gbé fún wọn. Owó òtẹ́ẹ̀lì yẹn ló dí àlàfo owó iléèwé, èyí tó kù tó owó ọkọ̀ èèyàn méjì.

Bí wọ́n ṣe kó àwọn ọmọ ti ìyá-ìyá wọn nìyẹn, tí wọ́n wọ mọ́tò ní Pẹn Sínímà lọ sí Mile 2, tí wọ́n gba ibẹ̀ lọ sí Sẹ̀mẹ̀, ó di Àjàṣẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n dúró lẹ́bàá títì fún ọ̀pọ̀ wákàtí nínú oòrùn. Nígbà tó yá, àwọn alùpùpù ọlọ́pàá ń fọn fèrè bọ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́ sì kọjá fìàà bí ọ̀wọ́ ẹyẹ. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ìyá Ìbejì ní, "Ó ti tán?" Ọkọ ẹ̀ ní ó ti tán. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. "Ṣé torí èyí lẹ ṣe purọ́ fún mi?"

Ibi tí wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́, ẹnì kan ṣoṣo tó gbẹ̀yìn yọ, eruku bò ó, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n. Ariwo tí àwọn èèyàn pa fún un ju ti àwọn aṣíwájú lọ. Ìyá Ìbejì sọ fún mi pé òun pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta òun, pé ìgbà yẹn lòun tó mọ ohun tí ọkọ òun ń wá lórí afárá.

Ṣé ẹ rò pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀? Wọ́n padà dé, Ìyá Ìbejì lóun náà fẹ́ kọ́ ọ. Ó wá kan Bàbá Ìbejì láti wá kàn mí lẹ́kùn. "Obìnrin lórí kẹ̀kẹ́, l'Ágége yìí? Kí làwọn èèyàn máa sọ?"

Mo ní kó lọ béèrè ní Wagadúgù, olú-ìlú Burkina Faso, níbi tí Tour du Faso ti ń wáyé láti 1987. Obìnrin ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́jà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò yọjú wò wọ́n, ìjọba sì la ojú ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù láwọn títì ńlá. Mo tún rán an létí Ese Ukpeseraye, ọmọ wa obìnrin tó lọ sí Olympics ní Paris lọ́dún 2024. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń sáré inú pápá ò sí lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tí wọ́n pè é sí i, àwọn ará Jámánì ló yá a ní tiwọn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ará Jámánì bá lè yá ọmọ wa ní kẹ̀kẹ́, kí ló dé tí ẹ ò lè yá ìyàwó yín?"

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo gba ẹ̀gbẹ́ pápá iléèwé kan kọjá láàárọ̀. Ta ni mo rí? Ìyá Ìbejì lórí kẹ̀kẹ́, hándù ń gbọ̀n lọ́wọ́ ẹ̀, ọkọ ẹ̀ ń sáré tẹ̀lé e, ó di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mú, òógùn bò ó. Nígbà tó yá, ọwọ́ ẹ̀ já, obìnrin náà ń lọ. Kò wẹ̀yìn. Ó kàn kígbe ni:

"Ẹ yára o, Bàbá Ìbejì! Ìṣẹ́jú méjì ti fẹ́ pé!"

Ẹ̀yin ọkọ tó ń ka ìwé ìròyìn yìí nínú mọ́tò lọ́nà ibi iṣẹ́, ohun tó bá wà nínú àpò ṣòkòtò yín, ẹ tètè sọ ọ́ kí ó tó di ọjọ́ tí wọ́n máa fọṣọ. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.