Ògbufọ̀ Kì í Ṣe Alárinà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ní ilẹ̀ òkèèrè lóde òní, àlejò ní ẹnu pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò rí i fi sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà tí ó bá ti Ìjàrà-Ìsin lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ tuntun ní Lọ́ńdọ̀nù lè jẹ́ ọlọ́rọ̀ láàrin ẹbí rẹ̀ nílé. Níwájú dókítà òyìnbó, ó di odi.

Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọmọ-ọmọ ni a ń fi ṣe ògbufọ̀. Èyí kò bá àṣà mu. Àìsàn tí ìyá àgbà kò lè dárúkọ níwájú àna rẹ̀ ni ọmọdé yóò máa là yé àjèjì. Ìyá yóò fi ìdajì ọ̀rọ̀ pamọ́, ọmọ kò sì ní mọ ìdajì tí ó kù í túmọ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè kan fi gbé iṣẹ́ ògbufọ̀ sórí tẹlifóònù. Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1973. Ní 1982, ní San Jose ní Amẹ́ríkà, ọlọ́pàá kan tí ń jẹ́ Jeff Munks kó àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn jọ, kí ọlọ́pàá lè gbọ́ èdè àwọn ará Vietnam tí ogun lé wá. Michael Young dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1990. Ní Kòríà, ẹgbẹ́ BBB bẹ̀rẹ̀ ní 2002, nígbà ìdíje Ife Àgbáyé; láti ilé tàbí ibi iṣẹ́ wọn ni àwọn olùyọ̀ǹda ti ń dáhùn, láìgba kọ́bọ̀.

Òfin iṣẹ́ náà le. Ògbufọ̀ kì í sọ pé, “Ìyá ní inú ń run òun”. “Inú ń run mí” ni yóò wí, bí ẹni pé ẹnu ìyá ni ó ti jáde. Kò gbọ́dọ̀ bù kún un, kò gbọ́dọ̀ yọ níbẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ tú àṣírí.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan àṣà wa gbọ̀ngbọ̀n. Yorùbá ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Alárinà ìgbéyàwó mọ bí a ṣe ń fi oyin sí ọ̀rọ̀ kíkan, a sì ń yìn ín fún un. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá ní jẹjẹrẹ ni, tí ògbufọ̀ sì ní “ara yín kò kàn le tó ni,” ìyá lè kọ iṣẹ́ abẹ tí ìbá gbà á là. Àánú náà ti di ìpalára.

Kì í ṣe pé kí a sọ ọ̀wọ̀ nù. “Ẹ” àti “yín” ni ògbufọ̀ yóò fi bá àgbà sọ̀rọ̀, nítorí ọ̀wọ̀ inú èdè kì í yí òótọ́ padà. Bí ó bá sì yẹ kí a pe ẹbí jọ kí a tó tú ọ̀rọ̀ ńlá, kí ó sọ fún dókítà ní gbangba pé òun fúnra òun ni ó ń sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ Ìgbómìnà kan kò bá yé ògbufọ̀ tí ó dàgbà ní Èkó, kí ó béèrè. Kí ó má ṣe méfò.

Ìfẹ́ nìkan kò sì tó. Olùyọ̀ǹda lè tọ́ àlejò sọ́nà. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ àti ti kóòtù ń fẹ́ ẹni tí a kọ́. Ìjọba kò gbọdọ̀ fi olùyọ̀ǹda bojú sá fún ojúṣe rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àṣẹ tí Ààrẹ Clinton pa ní 2000 lórí ìrànlọ́wọ́ èdè ni Ààrẹ Trump fagi lé ní oṣù kẹta 2025, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú ti 1964 ṣì wà.

Nílé ńkọ́? Yorùbá, Núpé, Bàrùbá àti Fúlàní ni wọ́n jọ ń gbé ní Kwara. Abala 36 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 fún ẹni tí a fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ láìsan owó, bí kò bá gbọ́ èdè kóòtù. Ohun tí a ń fẹ́ kí wọ́n ṣe fún ìyá wa ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó yẹ kí darandaran Fúlàní rí gbà ní ilẹ̀ Ìgbómìnà.

Kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe fojú tín-ín-rín èdè ìyá wọn, kí wọ́n sì kọ́ ti aládùúgbò mọ́ ọn. Ẹyin lọ̀rọ̀, ẹni tí a bá gbé e lé lọ́wọ́, kí ó gbé e dé ibi tí a rán an láìfọ́, láìpààrọ̀.