Ẹ Yé Sá Aṣọ Sórí Koríko!

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń gbé Ìsìkàn, títí di ìgbà wo la ó máa sá aṣọ sórí koríko?

Ẹ ní oòrùn ń gbẹ ẹ́. Mo ní irọ́ ni! Òkè ló gbẹ; abẹ́ ṣì tutù, oòrùn ò débẹ̀. Irú ibẹ̀ leṣinṣin túḿbù ń fẹ́ yé ẹyin sí. Ẹyin á pa, ìdin á wọ awọ ara, á di eéwo ẹlẹ́mìí.

Ẹ tún ní áyọ́ọ̀nù ń pa ẹyin náà. Òótọ́ ni, tí ẹ bá lọ̀ ọ́ tojú-tẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n iná dà? Ta ló sì ń lọ pátá?

Ọjà Ìsìkàn ò jìnnà. Ká dáwó ra okùn àti pẹ́ẹ̀gì, ká na án sójú oòrùn, kì í ṣe abẹ́ igi. Ẹni tí koríko bá wù, kó lọ tẹ́ ẹní síbẹ̀ sùn!