Iṣẹ́ Jagunjagun Nígbà Tí Ogun Kò Sí

Láàrin àwọn eré tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn lóde òní, ọ̀kan wà tí kò béèrè ju tábìlì, ìwé, pẹ́ńsù àti dáìsì lọ. Ẹnì kan ni olùdarí, òun ni ó ń pa ìtàn. Olúkúlùkù àwọn yòókù a mú ẹ̀dá ìtàn kan, a sọ ohun tí ẹ̀dá náà fẹ́ ṣe, dáìsì a sì fi hàn bóyá ó ṣeé ṣe. Èyí tí ó lókìkí jù nínú irú eré bẹ́ẹ̀ ni Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974. Ẹnì kan a jẹ́ onídán, ẹnì kan a jẹ́ àlùfáà, ẹnì kan a jẹ́ olè tí ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnì kan a sì jẹ́ jagunjagun.

Àwọn òbí kan ń ṣàníyàn nítorí idán inú eré náà. Ohun mìíràn ni ó ń kọ àwa lóminú. Nígbà tí ìjà bá dé, jagunjagun ni gbogbo ojú ń wò. Nígbà tí ìjà bá tán, tí ó di pé kí a bẹ ọba, kí a tu aláìsàn nínú, tàbí kí a wá ojútùú sí àdììtú, ọmọ tí ó mú jagunjagun a káwọ́ gbera, a máa dúró de ìjà mìíràn. A gbà pé àṣìṣe ni èyí, a sì gbà pé àṣìṣe náà kò mọ sórí tábìlì.

Òfin eré náà pàápàá lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Nínú ẹ̀dà kẹta, tí ó jáde ní ọdún 2000, bí ẹ̀dá ìtàn bá ti gòkè ní ipò kan, a ń fún un ní ipín tí yóò fi kọ́ ìmọ̀ mìíràn. Kí a tó fi èrè làákàyè kún un, ipín olè jẹ́ 8, ti jagunjagun jẹ́ 2 péré. Gígun òkè, fífò, wíwẹ̀ odò àti gígun ẹṣin wà lára ohun tí ó rọrùn fún un láti kọ́, ṣùgbọ́n ìṣọ́nà àti ìfetísílẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹ wo jagunjagun tí kò mọ ìṣọ́nà! Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ti 1974 mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: jagunjagun tí ó bá dé ipò kẹsàn-án lè kọ́ ilé olódi, kí ó sì máa ṣàkóso àwọn tí ń gbé àyíká rẹ̀. Ibi tí idà ń lọ ni pé kí ìlú lè wà.

Èyí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa. Ṣódẹkẹ́ jẹ́ jagunjagun. Òun ni ó ṣáájú àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830. Nígbà tí Thomas Birch Freeman dé Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá ọdún 1842, tí Henry Townsend sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kìíní ọdún 1843, àlejò ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀tá. Ṣódẹkẹ́ mọ ìyàtọ̀ náà, ó sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ náà wà lára ohun tí ó mú kí irú ilé-ẹ̀kọ́ tí a ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ lónìí lè wà ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ìwé Mímọ́ fara mọ́ ọn. Àwọn ènìyàn Nehemáyà fi ọwọ́ kan mọ odi, wọ́n fi ọwọ́ kejì di ohun ìjà mú. Balógun ọ̀rún ti Kapánáúmù kọ́ sínágọ́gù fún àwọn Júù, a kò sì gbọ́ ìròyìn ogun kankan tí ó jà. Àníyàn rẹ̀ lórí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí ó ń ṣàìsàn ni a fi ń rántí rẹ̀ títí dòní.

D. O. Fágúnwà náà fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀rọ̀ yìí hàn wá nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1938. Nígbà tí obìnrin tí ó fẹ́ràn Kàkó kò fẹ́ kí ó lọ, Kàkó alágbára kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ tí yóò tù ú nínú. Ohun ìjà ni ó yọ sí i, ó sì pa á. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọdẹ náà dé Òkè Láńgbòdó, ọjọ́ méje gbáko ni wọ́n fi jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́nu Ìrágbèje. Àwọn tí wọ́n ti bá iwin jà ní láti kọ́ bí a ti ń dákẹ́ gbọ́rọ̀.

Àwa tí a wà ní Maryland kò gbọdọ̀ fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí, nítorí bárékè àwọn ológun Ìkẹjà kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, kò sí ogun ní Èkó. Síbẹ̀, ohun ìjà tí a kó pamọ́ sínú bárékè náà gbiná, ó bú gbàmù, ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn tí ó kú, tí púpọ̀ nínú wọn rì sínú omi ní Òkè-Àfà níbi tí wọ́n ti ń sá àsálà. Ẹ̀kọ́ tí ó fi sílẹ̀ ni pé ìtọ́jú ohun ìjà ní ọjọ́ àlàáfíà wúwo tó ìlò rẹ̀ ní ojú ogun.

Kí ni èyí kàn ilé-ẹ̀kọ́ wa? Ọmọ tí Ọlọ́run fún ní ara líle wà nínú gbogbo kíláàsì. Òun ni a ń pè kí ó gbé bẹ́ǹṣì, òun ni ó ń sáré fún wa ní ọjọ́ eré ìdárayá, òun ni a sì ń fún ní idà onípákó nínú eré orí ìtàgé. Bí ó bá di àsìkò ìjíròrò, ojú wa a fò ó. Lẹ́yìn náà ni a ó máa ṣe kàyéfì pé ó di ẹni tí ń halẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ kékeré. Àwọn àgbà ní alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni ó fún alágbára náà ní àyè láti mèrò?

Nítorí náà, a rọ ẹni tí ó bá ń darí irú eré yìí, àti olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré onítàn, pé kí wọ́n bi jagunjagun ní ìbéèrè mẹ́ta kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀: Ta ni ó ń dáàbò bò? Iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe ní ọjọ́ tí kò sí ogun? Ìmọ̀ràn ta ni ó ń gbà? Bí ọmọ kan bá lè dáhùn, yóò rí ohun sọ níwájú ọba, yóò rí ohun ṣe lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn. Kí àwa olùkọ́ àti òbí sì bi ọmọ alágbára tí ó wà lọ́dọ̀ wa ní ìbéèrè kan náà. Kí a fún un ní ọmọ kékeré kan tí yóò máa mójú tó, kí a fún un ní ìjókòó nínú ìgbìmọ̀, kí a sì ní sùúrù láti gbọ́ ohun tí yóò sọ.